Àwọn onítáyà Ouando: iṣẹ́ wo la lè gbé fún wọn?

Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò ní Àjàṣẹ́ kì í wá onítáyà tì. Ní àyíká ọjà Ouando, ẹ ó máa rí táyà àlòkù tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ «vulcanisateur» sí lára, tí wọ́n gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọwọ́ wọn yá, owó wọn kò sì ga. Lílẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Táyà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ni kí ẹ la ojú sí.

Bí ìṣó bá gún táyà tí kò ní tíúbù, omi ọṣẹ ni wọ́n fi ń wá ibi tó ti ń hó. Wọ́n á fa ìṣó yọ, wọ́n á fi irin gbo ihò náà, wọ́n á sì ki mèche, ìyẹn okùn rọ́bà tí wọ́n ti fi gúlúù pa, wọ inú rẹ̀, láì tú ẹsẹ̀ ọkọ̀ rárá. Bí ihò bá wà láàárín ibi tó ń tẹ ilẹ̀, tí kò sì ju mílímítà 6 lọ, mèche á gbé yín délé dáadáa. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó rí inú táyà. Táyà tí wọ́n wà rìn nígbà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti lọ̀ nínú. Bí wọ́n bá tú u, ẹ ó bá ìyẹ̀fun dúdú níbẹ̀, irú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ padà sójú ọ̀nà. Omi tún lè gba ẹ̀gbẹ́ mèche wọlé bá wáyà irin tó wà nínú rọ́bà, kí ó dípẹtà, kí rọ́bà wá máa ṣí. Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ láti inú, kí wọ́n sì pààrọ̀ valve rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, lẹ́ẹ̀kan náà. Ihò ẹ̀gbẹ́ kò ní oògùn. Onítáyà tó bá ní òun á rán an, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ọṣẹ ni púpọ̀ nínú wọn fi ń yọ̀ táyà wọ rímù, kì í ṣe epo ẹ́ńjìnnì tó ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ yìn wọ́n fún ìyẹn. Ibi nọ́ọ̀tì ni kí ẹ ti dúró tì wọ́n: ọwọ́ ni wọ́n gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi dè é, kí wọ́n tó fi sípánà fún un, èyí tó wà lókè, lẹ́yìn náà èyí tó kọjú sí i. Ọmọṣẹ́ tó bá gun orí sípánà ń fa bóòtù gùn ni. Fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, nǹkan bíi 100 sí 110 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń fún nọ́ọ̀tì) ti tó. Ẹ tún un fún lẹ́yìn 50 sí 100 kìlómítà. Kútọnu lálọ àtàbọ̀ ti tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, «kílò méjì», ìyẹn nǹkan bíi báà 2, ni wọ́n ń fún gbogbo ọkọ̀, bó ṣe wù kó rí. Ìwé tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ tẹ̀lé, kí ẹ sì mú manomètre tiyín, ohun tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́, dání. Táyà tútù là ń wọ̀n. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé lè fi nǹkan bíi 0.3 báà lé. Bí wọ́n bá tú ìyẹn dànù, ilẹ̀ á mọ́ bá a pé kò tó mọ́.

Tòkunbọ̀ wá ńkọ́? Ẹ wá ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni ọjọ́ orí rẹ̀: 3518 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018. Èyí tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, ì báà máa dán, kì í ṣe ọjà. Bí ó bá ti lé ní mẹ́fà, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ́, kí ẹ wò bóyá ó sán. Ẹ ki ọwọ́ sínú rẹ̀, kí ẹ wá àpá ibi tí wọ́n ti lẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti jẹ dé TWI, àmì tó ń fi hàn pé táyà ti jẹ tán, mílímítà 1.6 péré ló kù. Ẹ̀tàn tó burú jù ni ti táyà òtútù tó ń bọ̀ láti Yúróòpù, tó ní àwòrán òkè àti yìnyín lára. Ihò ojú rẹ̀ jìn, ó dà bíi tuntun, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ rọ̀ nítorí otútù ni wọ́n ṣe ṣe é; nínú oòrùn tiwa, kíá ló máa jẹ tán. Ẹ má sì gba nọ́ńbà ẹrù tó kéré ju ti àtijọ́ lọ. Nínú 195/65 R15 91H, 91 yẹn ni kílò 615 fún ẹsẹ̀ kan.

Kí ẹ tó sanwó tuntun, ẹ wo bí ti àtijọ́ ṣe jẹ. Bí àárín bá jẹ, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí etí méjèèjì bá jẹ, ó ti kéré jù. Etí kan ṣoṣo, parallélisme (bí àwọn ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe kọjú síwájú) ló yà, ìyẹn sì ń fẹ́ gáráàjì tó ní ẹ̀rọ, kì í ṣe abẹ́ igi. Bí ìdarí bá ń gbọ̀n ní nǹkan bíi 90 kìlómítà ní wákàtí kan, òjé kékeré tí wọ́n fi ń mú kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, tó wà lára rímù, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: ó lè ti já bọ́.