Nọ́ńbà 4, BB àti SG: kátíríìjì wo ló yẹ ẹtu, èwo ló yẹ àgbọ̀nrín?

Nọ́ńbà 4, BB àti SG ni orúkọ tí wọ́n fi ń sọ bí ọta inú kátíríìjì ṣe tóbi tó. “Èyí tó le jù” ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń bèèrè bí wọ́n bá fẹ́ ra kátíríìjì. Ẹran tí ẹ fẹ́ pa àti bí yóò ṣe jìnnà sí yín tó ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Nínú igbó dídí ìhà Ìsẹ̀ àti Ẹmùré ní Èkìtì, ẹran tí iná orí bá mú kì í sábà ju mítà 20 lọ. (Igbó ọba Ìsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí lára ibi tí à ń sọ, òfin kò fàyè gba ìbọn níbẹ̀.) Nílẹ̀ pápá ìhà Òmùò, ojú ń ríran jìnnà ju ibi tí ọta lè ṣiṣẹ́ dé, ibẹ̀ sì ni ọta ti ń ṣòfò jù.

Ìbọn oní-12 (12-gauge, ìwọ̀n ihò ọ̀pá rẹ̀ nìyẹn) tó ní ìwé àṣẹ la ń bá wí. Gíráàmù 32 ọta ni ká fi ṣe òṣùwọ̀n fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nọ́ńbà 4: ọta rẹ̀ jẹ́ 3.1 mm, ó sì tó 190 nínú kátíríìjì kan, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan kò wọn ju nǹkan bíi gíráàmù 0.17 lọ. Òyà ló bá mu dáadáa, àti ẹtu tí kò ju mítà 20 lọ. Bí ẹ bá yìn ín sí àgbọ̀nrín, kò ní wọlé tó. Ẹran náà á gbé ọgbẹ́ sá, á lọ kú síbi tí ajá ò ní dé.

SG ni òdìkejì rẹ̀: ọta mẹ́sàn-án péré, 8.4 mm, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nǹkan bíi gíráàmù 3.5. Ọ̀kan tó bá gba èjìká àgbọ̀nrín kọjá ti tó. Ẹtu ńkọ́? Ní mítà 35, mẹ́sàn-án yẹn ti fọ́n ká débi pé ẹtu lè dúró sáàárín wọn láìfarapa: ẹ̀tù á jó dànù, ẹtu á bá tirẹ̀ lọ. Bó bá sì sún mọ́ yín jù, itan tí ẹ fẹ́ tà ló máa bàjẹ́. SG kan lè fò ju mítà 600 lọ, nígbà tí nọ́ńbà 4 ń já bọ́ ní nǹkan bíi 250. Níbi tí oko ti yí igbó ká, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

BB wà láàárín: 4.1 mm, nǹkan bí ọgọ́rin ọta. Bó bá jẹ́ páálí kan ṣoṣo lowó yín ká, òun ni ká rà. Ó pa ẹtu dé mítà 30. Àgbọ̀nrín tó bá fẹ̀gbẹ́ kọ yín ní mítà 15 kò ní bọ́. Èyí tó jù bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹni tó ní ìbọn olójú méjì lè ki BB sí ọ̀kan, SG sí èkejì.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà ara páálí nìkan. BB ti Amẹ́ríkà jẹ́ 4.6 mm, ti Gẹ̀ẹ́sì 4.1. Ohun tí wọ́n ń pè ní “4 buck” ní Amẹ́ríkà tó 6.1 mm, kò bá nọ́ńbà 4 tan rárá. Mìlímítà ni kẹ́ ẹ kà.

Ẹ ka gígùn kátíríìjì náà. Bí wọ́n bá tẹ 70 (mìlímítà) sára ọ̀pá ìbọn, ẹ má ki kátíríìjì 76 sí i. Yóò wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní ráyè ṣí ẹnu tán, agbára inú rẹ̀ á sì pọ̀ ju ohun tí ọ̀pá lè gbà. Kátíríìjì oní-20, tí wọ́n sábà ń ṣe ní pupa rúsúrúsú, burú jù: ó ń yọ̀ wọ inú ọ̀pá oní-12, á há síbẹ̀, ojú ìbọn á dà bí èyí tó ṣófo. Bí ẹ bá ki oní-12 tẹ̀lé e, ọ̀pá á bẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo ṣakabùlà, ẹ má tú kátíríìjì láti gba ẹ̀tù inú rẹ̀. Ẹ̀tù yẹn lágbára ju ẹ̀tù dúdú lọ fíìfíì, ọwọ́ ló ń gé.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo ìdí idẹ: kò gbọ́dọ̀ dípẹtà, ojú kékeré àárín rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ wọnú. Èyí tó bá ti wú nítorí ọ̀rinrin kò ní wọ ilé ọta. Ẹ má fi iná yá a.

Ẹ ra mẹ́ta tàbí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó ra odindi páálí. Ẹ yìn wọ́n sí páálí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 75, ní mítà 25, pẹ̀lú òkìtì ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ fún lè kó BB jọ dáadáa kó sì máa tú SG ká. Bí ọ̀kan bá sì dún kẹ́lẹ́, ẹ dúró, ẹ tú ìbọn, kẹ́ ẹ wo inú ọ̀pá kẹ́ ẹ tó yin òmíràn. Ìdè tó wà láàárín ẹ̀tù àti ọta, tó yẹ kó jáde, lè ti há síbẹ̀.