Owó gbà-máà-bínú rògbòdìyàn ti Ẹ́ńgílàǹdì: ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún

Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ làwọn èèyàn máa ń kọ rífíù fún, kò sẹ́ni tó ń fún òfin ní ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fara dà á. Èyí tí mo fẹ́ sọ nípa ẹ̀ ni Riot Compensation Act 2016, òfin Ẹ́ńgílàǹdì àti Wales tó ní bí àwọn jàǹdùkú bá ba ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù ẹ jẹ́ nígbà rògbòdìyàn, tí o ò sì ní ìnṣọ́ránsì, tàbí tí ìnṣọ́ránsì ẹ ò ká a, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọlọ́pàá agbègbè yẹn ló máa san án fún ẹ. Àpò ará ìlú ni owó ọ̀hún ti ń jáde, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀ làwọn èèyàn ń jiyàn lé e lórí: kí ló kan ìlú nínú ìwà jàǹdùkú?

Èmi ní tèmi o, ó kan ìlú, ó sì kàn án dáadáa. Ohun tí mo ń bá ètò yìí jà sí ni pé ó ń san àbọ̀ gbèsè.

Àǹtí mi kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní ìlú kan lápá àríwá Ẹ́ńgílàǹdì, iṣu, gàrí, ẹlùbọ́, pọ̀nmọ́, ẹja nínú fìrísà, wíìgì lára ògiri, ẹ mọ irú ẹ̀. August 2024, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọbìnrin kékeré mẹ́ta ní Southport tí irọ́ wá gbòde pé ẹni tó gba orí omi wọ̀lú ló ṣe é, wọ́n kọlu mọ́ṣáláṣí, wọ́n dáná sun láíbìrì ní Liverpool, wọ́n fẹ́ dáná sun hòtẹ́ẹ̀lì mọ́ àwọn tó ń wá ibi ìsádi lórí ní Rotherham, nígbà tó sì kan àdúgbò àǹtí wa, gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́ yángá-yángá, wọ́n wọ́ fìrísà kan jáde sí títì, wọ́n da ẹlùbọ́ sílẹ̀ wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n sì kó wíìgì lọ (ẹni tó kórìíra aláwọ̀ dúdú, kí ló fẹ́ fi wíìgì wa ṣe?).

Ẹ wá gbọ́ ibi tó ti gba ìràwọ̀ lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó ní kí àǹtí wa wá fi hàn pé ọlọ́pàá ò ṣiṣẹ́ wọn. Wọn ì báà tètè dé, wọn ì báà pẹ́, bíríìkì ì báà fọ́ wọn lórí níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ títì, tó bá ṣáà ti jẹ́ rògbòdìyàn ló ba ọjà ẹ jẹ́, wọ́n jẹ ẹ́ lówó nìyẹn. Ẹ fi wé Amẹ́ríkà. Ní Seattle lọ́dún 2020, àwọn olùwọ́de gba òpópónà mélòó kan ní Capitol Hill, ọlọ́pàá kó kúrò ní àgọ́ wọn níbẹ̀, ìjọba ìlú tún lọ to kọnkéré sójú títì fún wọn, àwọn oníṣọ́ọ̀bù àti onílé bá gba ilé ẹjọ́ lọ. Ó di 2023, lẹ́yìn tí adájọ́ ti bínú lórí àtẹ̀jíṣẹ́ tó pòórá lórí fóònù méyọ̀ àtàwọn ọ̀gá míì, kí ìlú tó gbà láti san $3.65 million. Ta ló lówó lọ́yà tó máa jà títí dìgbà yẹn? Fọ́ọ̀mù ni àǹtí wa kọ.

Kì í sì ṣe pé òfin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti 1285 ni ọba Edward Kìíní ti ṣòfin ní Winchester pé bí wọ́n bá jalè ní agbègbè kan tí wọn ò sì mú olè jáde, gbogbo ará agbègbè ló máa dí i fún ẹni tí wọ́n jà lólè. Èrò wọn ni pé tí kálukú bá mọ̀ pé òun ló máa san án, kò ní máa wòran nígbà tí ọmọ aládùúgbò ẹ̀ bá ń pọ́n àdá. Àwa náà ṣáà ti ń sọ ọ́ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru ẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ní February 1886, àwọn tí ò níṣẹ́ lọ́wọ́ kúrò ní Trafalgar Square, wọ́n lọ fọ́ fèrèsé kílọ́ọ̀bù àwọn olówó ní Pall Mall, wọ́n kó ọjà ní Piccadilly, kí ọdún yẹn tó parí òfin ti délẹ̀ pé owó ọlọ́pàá ni wọ́n á fi máa san án. Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń yá tó bá jẹ́ gíláàsì ọlọ́rọ̀ ló fọ́. Ilẹ̀ Faransé náà ti ń san án láti 1795, orí ìlú kọ̀ọ̀kan ló wà títí di 1983 tí ìjọba orílẹ̀-èdè gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó lòdì sí i náà ò burú. Ìyá àgbà tó tilẹ̀kùn ẹ̀ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ló dé tí owó ẹ̀ á fi tún gíláàsì ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ṣe? Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn náà ló ń san owó títì tí ò rìn rí. Òfin ò gbà kí oníṣọ́ọ̀bù gbé ìbọn, kò gbà kó lọ háyà àwọn géńdé tó máa na èèyàn, ó ní ká fi sílẹ̀ fún ọlọ́pàá, a sì fi sílẹ̀, owó orí àǹtí wa wà nínú owó oṣù wọn. Ẹni tó ní kí n má gbèjà ara mi, tí ò sì rí mi gbèjà, kó dí i fún mi ni. Tí a bá tiẹ̀ fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bà lọ́jà jẹ́, ẹni tí wọ́n dójú sọ ló máa wá fowó ara ẹ̀ san owó ìkórìíra tí wọ́n kórìíra ẹ̀, torí pé lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù orí títì ni wọ́n fọ́ o, wọ́n ń ṣà á ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ẹ̀sùn. Kí wọ́n tó lè pè é ní rògbòdìyàn, ó kéré tán èèyàn 12 gbọ́dọ̀ wà pa pọ̀ kí wọ́n máa lo ipá tàbí kí wọ́n máa fi halẹ̀ nítorí ohun kan náà. Tí wọ́n bá jẹ́ 11, ẹ kú òfò. Ta ló ń ka orí nígbà tí bíríìkì ń fò? Ọ́fíìsì tó máa san owó náà ló sì tún máa kọ́kọ́ sọ bóyá rògbòdìyàn ni àbí kì í ṣe òun, ìyẹn ò tọ́ lójú mi rárá. Àwọn ọmọ tó ń ṣe fídíò TikTok lọ́jọ́ náà ló gbà wá, kò sẹ́ni tó wo fídíò wọn tó máa ní wọn ò pé méjìlá.

Ọjọ́ 42 lo ní láti fi béèrè owó, wọ́n á wá fún ẹ ní 90 láti kó ẹ̀rí wá, mo gbà, 14 péré ló wà nínú òfin àtijọ́ kí wọ́n tó sún un nígbà wàhálà 2011. Ẹ̀rí yẹn gan-an ni iṣẹ́. Ọkùnrin tí wọ́n rán wá díwọ̀n òfò, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó jókòó lórí kéréètì Malta láàárín gíláàsì, ó ní kí àǹtí wa fún òun ní rìsíìtì iṣu. Rìsíìtì iṣu kẹ̀! Àǹtí wa yíjú sí mi, ó ní, "Sọ fún un pé èmi àti bàbá oníṣu, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé wa." Ìwé kékeré tó ń kọ gbèsè sí ló bá gbé jáde, *Ìyá Ìbejì, gàrí 2, kò tíì san*, ọkùnrin náà ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ẹ̀ láìlóye ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé gbogbo Friday ni àǹtí wa máa ń fi ọjà tuntun sórí status WhatsApp, ọmọ ẹ̀ sì ti tọ́jú fọ́tò ọ̀hún, iye iṣu, iye páálí ẹja, ó hàn kedere. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà, ẹ máa ya fọ́tò o.

Àmọ́ ohun tó já ìràwọ̀ méjì kúrò ni ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù fi wà ní títì. Òfin yìí ń san gíláàsì, ó ń san fìrísà àti ohun tó wà nínú ẹ̀, kò san kọ́bọ̀ lórí ọjà tí o ò rí tà. Onílé ń gba owó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lóṣooṣù bíi pé nǹkan ò ṣe, àwọn oníbàárà ti mọ ọ̀nà ibòmíì, ẹja tó wà nínú fìrísà kejì tí wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn bàjẹ́ torí ọlọ́pàá ta okùn dí òpópónà, àǹtí wa ò lè wọlé lọ tan iná, wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe jàǹdùkú ló bà á jẹ́. Wọn ò kúkú ṣàdédé sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáná sun wíàháòsì Sony ní Enfield ní August 2011, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù, àwọn adájọ́ sì sọ lọ́dún 2016 pé òfin 1886 ò ní kí wọ́n san èrè àti owó ilé tó bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Òfin tuntun náà gbà bẹ́ẹ̀, ó tún fi £1 million ṣe òpin ohun tí ẹnì kan lè gbà. Òpin yẹn ò kan àwa, ta ló ní iṣu £1 million? Èrè tí wọ́n yọ kúrò ló kan wá, torí ilé iṣẹ́ ńlá lè ra ìnṣọ́ránsì èrè, ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan ṣoṣo ni owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè pa.

Ẹni tó bá ní ìràwọ̀ mẹ́ta ti pọ̀ jù, kó rántí Èkó. Lẹ́yìn ìbọn Lekki ní October 20, 2020, wọ́n sun ilé ẹjọ́ Igbósẹ̀rẹ̀, wọ́n sun bọ́ọ̀sì BRT ní Òyìngbò, wọ́n kó ọjà ní Circle Mall àti ní àìmọye ṣọ́ọ̀bù tí ò lórúkọ. Ìgbìmọ̀ adájọ́ Okuwobi san ju ₦400 million lọ fún àwọn tí SARS fìyà jẹ, ìyẹn dáa gan-an, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ oníṣọ́ọ̀bù kọ́ nìyẹn. Èyí tí oníṣòwò kéékèèké rí gbà, owó ìrànwọ́ ni wọ́n pè é, ẹni tó ń ṣèrànwọ́ ló sì ń mú ẹni tó wù ú. Àǹtí mi ò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, gbèsè ló gbà.

Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ìnṣọ́ránsì yín kí ẹ sì gba èsì wọn sórí ìwé, torí tí wọ́n bá kọ̀, ìgbà yẹn ni ọjọ́ 42 yín tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Belfast, ẹ má kọ fọ́ọ̀mù yìí o, òfin tiyín yàtọ̀, èèyàn mẹ́ta ti tó lọ́dọ̀ tiyín dípò 12.