Àrọ̀ Nìkan Tàbí Àrọ̀ Pẹ̀lú Epìyà?

Àwọn tó fẹ́ sin ẹja l'Abẹ́òkúta máa ń béèrè bóyá àrọ̀ nìkan ló dára, tàbí kí wọ́n da epìyà mọ́ ọn. Ẹja tí ń jẹ ẹja ni àrọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jọ ló fi ń tọ oúnjẹ kiri lóru. Bí ó bá dá wà, owó oúnjẹ ló ń pọ̀ jù, ńlá á sì máa gbé kékeré mì bí a kò bá ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Bí epìyà bá wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń bí lábìíjù di oúnjẹ àrọ̀, ṣùgbọ́n epìyà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tóbi kí a tó kó àrọ̀ sí i. Táǹkì kékeré yẹ àrọ̀ nìkan. Kòtò ilẹ̀ tó fẹ̀ ló gba méjèèjì.