Dísẹ̀lì kékeré tòkunbọ̀: èyí tó ní àsẹ́ èéfín àti èyí tí kò ní, èwo ló ń yege àyẹ̀wò ọdọọdún?

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni àwọn ará Òṣogbo tó ń bi mí léèrè ọkọ̀ dísẹ̀lì kékeré ti ń pọ̀ sí i. Wọ́n ti gbọ́ pé kì í mu epo. Òótọ́ ni. Ohun tí wọn kì í bèèrè ni pé bí ìwé ọkọ̀ bá tán, tí ẹ gbé e dé iwájú àwọn VIO, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ṣé yóò yege? Ibẹ̀ ni owó tèmi bá lọ, ibẹ̀ náà ni n ó pẹ́ sí jù.

Mo ti ní oríṣi méjèèjì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdún 2011, ó ní àsẹ́ èéfín tí wọ́n ń pè ní DPF. Èkejì jẹ́ ti ọdún 2004, kò ní in, òun ni mo sì ń wà títí di òní. Láti Jámánì ni àwọn méjèèjì ti wá. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, nítorí orúkọ kọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èéfín

Inú sàlẹ́ǹsà ni àsẹ́ yìí wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó gba dúdú èéfín sílẹ̀, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò tí wọ́n fi igi dáná sí. Bó bá kún, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sun ún dànù. Ṣùgbọ́n kó tó lè sun ún, inú àsẹ́ náà gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 600 Sẹ́líṣíọ̀sì, èyí sì gba kí ẹ máa sáré geere fún bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Níbo lẹ ti fẹ́ rí irú eré bẹ́ẹ̀ sá láàárín ìgboro Òṣogbo? Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè-Fìà. Mo máa ń já àwọn ọmọ sí ilé ìwé, mo máa ń já ìyàwó mi sí Ọjà Ọba, kí n tó kó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọláìyá. Ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹrù inú rẹ̀, mo ti débi tí mò ń lọ, mo ti pa á.

Kò pé oṣù mẹ́rin tí iná tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń pọ̀ sí i. Mo fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó ti kọjá àmì òkè, ó sì ń rùn bíi dísẹ̀lì. Dísẹ̀lì tó yẹ kó fi sun dúdú yẹn ló ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì nígbà tí iṣẹ́ náà kì í parí. Ẹ fiyè sí i gidigidi: ọ́ìlì tó bá ti là báyìí, ó ń jẹ ẹ́ńjìnnì ni.

Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún ní kí n fọkàn balẹ̀. Ó tú àsẹ́ náà, ó gbẹ́ inú rẹ̀ dànù, ó jó o padà. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ kò lè gun òkè mọ́, èéfín dúdú sì ń tú jáde. Ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi máa ń fi gèlè bo imú bí mo bá ti ṣáná sí i. Ojú ń tì mí. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, wọ́n ní kí n tẹ̀ ẹ́, èéfín bo gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gá tó ń yẹ̀ ẹ́ wò sọ pé, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó padà wá." Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ tí mo bọ̀. Nígbà tí mo fi ra àsẹ́ mìíràn àti sẹ́ńsọ̀, tí mo tún sanwó fún ẹni tó fi kọ̀ǹpútà tún un tò, ó ti gba ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí mo fi ra ọkọ̀ náà.

Irú epo tí à ń rà náà ṣe pàtàkì fún àsẹ́ yìí. Ní Yúróòpù, láti ọdún 2009, imí-ọjọ́ inú dísẹ̀lì ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 10 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Irú epo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe àsẹ́ náà fún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà yàtọ̀: èyí tí wọ́n kọ C3 sí lára ni ẹ wá, nítorí eérú ọ́ìlì lásán kì í jóná, inú àsẹ́ ló ń jókòó sí.

Èyí tí kò ní àsẹ́ ń rú èéfín tirẹ̀ náà bí ẹ bá pa á tì. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ohun tó ń ṣe é. Bó bá dúdú, ẹ wo àsẹ́ afẹ́fẹ́ àti nọ́súlù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá fẹ́ dà bí aró, ó ń jó ọ́ìlì nìyẹn, ẹ má rà á. Mẹkáníìkì tó bá mọ dísẹ̀lì ní Alékúwodò lè tún èyí tó dúdú ṣe láàárín ọjọ́ kan. Tèmi ti yege lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n dá a padà, àsẹ́ afẹ́fẹ́ ni.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn mọ̀

Ọdún ọkọ̀ nìkan kò tó. Peugeot ti fi àsẹ́ yìí sí 607 láti ọdún 2000, nígbà tó sì fi máa di 2011, òfin Yúróòpù ti sọ ọ́ di ohun tí gbogbo dísẹ̀lì kékeré tuntun níbẹ̀ ń ní. Ẹ ti ìka tàbí aṣọ funfun bọ ẹnu sàlẹ́ǹsà. Ọkọ̀ tí àsẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ẹnu sàlẹ́ǹsà rẹ̀ máa ń mọ́. Bí ìka yín bá jáde ní dúdú kirikiri, ó ti fọ́ tàbí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà kí ẹ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ojú jíjó tuntun wà lára agolo àsẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kejì ọdún 2014, ọkọ̀ tí wọ́n bá ti yọ àsẹ́ rẹ̀ kò lè yege MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tiwọn, mọ́. Ìwà tí wọn kò gbà níbẹ̀ ni wọ́n ń tà fún wa níbí bí ẹni pé àtúnṣe ni.

Àwọn tó kù

Bíréèkì, iná, wáípà, bẹ́líìtì: ọgbọọgba ni wọ́n.

Tàyà: ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin ìparí, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019.

Ìpẹtà: èyí tó dàgbà ló burú jù, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù ní Jámánì ti jẹ abẹ́ ọ̀pọ̀ wọn.

Agbára: èyí tó ní àsẹ́ ló ju èkejì lọ, kò lẹ́jọ́.

Èwo ni kí ẹ rà?

Bí ẹ bá ń lọ Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì lè rí epo àti ọ́ìlì tó dára, èyí tó ní àsẹ́ yóò yege, kò sì ní da èéfín sí ẹnikẹ́ni lójú. Bó bá jẹ́ Ògo-Olúwa sí Ọjà Ọba ni gbogbo ìrìn yín, èyí tí kò ní ni kí ẹ wá, kí abẹ́ rẹ̀ má tíì pẹtà. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ nínú méjèèjì, òwúrọ̀ ni kí ẹ lọ wò ó, kí ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná sí i. Bó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ẹ óò padà wá lọ́la.