Orin klásíkà lórí rédíò, ọjọ́ méje gbáko ní Ògbómọ̀ṣọ́

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni ètò náà máa ń bẹ̀rẹ̀, wákàtí kan lójúmọ́, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Àìkú. Ilé iṣẹ́ rédíò FM kan tí à ń gbọ́ dáadáa ní ìlú wa ló gbé e kalẹ̀ nígbà tí ọdún Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ méjì. Orin klásíkà ni, orin àwọn Bach àti Handel, ṣùgbọ́n Yorùbá ni atọ́kùn fi sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tó mú mi jókòó tì í nìyẹn. Mo ti ń gbọ́ irú orin yìí lórí fóònù, mo sì ń kọ díẹ̀ nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè ìyá mi ṣàlàyé ohun tí fáólìnì kejì ń ṣe nígbà tí èkíní ń kọrin.

Aṣọ ni mò ń rán, ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Tákíé, áltò, ohùn ìsàlẹ̀ tàwọn obìnrin, ni mo sì ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi wa. Sófà, dò-rè-mì yẹn, ni wọ́n fi kọ́ mi lórin, n kò mọ nóòtì orí ìlà kà. Ní ìlú tí wọ́n ti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù Onítẹ̀bọmi sílẹ̀ ní 1898, áńtẹ́ẹ̀mù kì í ṣe àjèjì létí wa. Etí ẹni tó ń gbọ́ ètò náà nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, Handel ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ wa ti mọ̀nà, Halelúyà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ìparí apá kejì ni Halelúyà wà nínú Messiah, iṣẹ́ orin ńlá Handel yẹn, pé apá kẹta ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń kọ ọ́, orí rẹ̀ la máa ń fi ètò tì sí. Atọ́kùn ní ọjọ́ mẹ́rìnlélógún péré ni Handel fi kọ gbogbo iṣẹ́ náà ní 1741, àti pé Dublin ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ fáráyé gbọ́, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, 1742. Lẹ́yìn náà ló wá gbé orin tó ṣí apá kẹta sí i, èyí tí obìnrin kan ṣoṣo ń kọ, ọ̀rọ̀ Jóòbù pé Olùràpadà òun wà láàyè. Lẹ́yìn ariwo Halelúyà, ohùn kan péré. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni atọ́kùn gbìyànjú jù, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń bá a jiyàn nínú yàrá mi. Fúgù ló fẹ́ ṣàlàyé. Ó gbé fúgù kékeré tí Bach kọ fún dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì sí i, ó ní ká rò ó bí ìlù dùndún: ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, gúdúgúdú àti àwọn ìlù yòókù ń dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú dùndún, ìyáàlù ló ni ọ̀rọ̀. Gúdúgúdú kì í gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń ṣe lọ́tọ̀. Nínú fúgù, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ọ̀kan á wọlé, á sọ ọ́ tán, ìkejì á gbà á, èkíní kò sì ní dákẹ́, á máa sọ nǹkan mìíràn tó bá a mu lọ lábẹ́ rẹ̀. Akọrin tó bá ti kọ Àmín tí Handel fi parí Messiah mọ̀ ọ́n: béèsì á kọ́kọ́ wọlé, tẹ́nọ̀ á tẹ̀ lé e, kó tó kan áltò, kó tó kan sopránò. Ì bá ti fi ìyẹn ṣe àpẹẹrẹ, ó ṣe tán, alẹ́ àná ló gbé Messiah. Síbẹ̀ mo kí i pé kò sá fún un. Ó tún sọ ohun kan tí mo sùn lé lórí: ọdún kan náà, 1685, ni wọ́n bí Bach àti Handel, ilẹ̀ Jámánì kan náà, wọn kò sì fojú kan ara wọn rí títí wọ́n fi kú.

Ọjọ́rú ló dùn mí jù. Símúfónì karùn-ún Beethoven ni, orin gígùn alápá mẹ́rin tí ọ̀pọ̀ ohun èlò jọ ń lù. Ẹni tó mọ sófà á gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kedere: mì-mì-mì-dò, rè-rè-rè-tì. Ohun kékeré yìí ló fi kọ́ gbogbo ilé náà. Atọ́kùn sọ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ lù ú ní Vienna ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá, 1808, nínú gbọ̀ngàn tó tutù bí yìnyín, níbi eré tó gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin, nígbà tí etí Beethoven ti ń di lọ. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé ká fetí sí ibi kan. Ó ní apá kẹta kò ní parí kí ẹkẹrin tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n so mọ́ra ni: gbogbo nǹkan á rọlẹ̀, ìlù nìkan á máa kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́, fáólìnì á máa gùn bọ̀ díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ á bú jáde, pẹ̀lú tròmbóònù, fèrè idẹ ńlá, tí a kò tíì gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin náà. Mo pa fáànù kí n lè gbọ́ ọ dáadáa. Ìlù bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn. Fáólìnì gbéra.

Ìpolówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ìpolówó ló ń san owó oṣù wọn, n kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n padà dé, apá ìkẹyìn ti dé àárín. Ńṣe ló dà bí ẹni tó ń pàlọ́, tó dé ibi tí Ìjàpá ti fẹ́ ṣí ìkòkò, tí ẹnìkan wá pè é síta, nígbà tó sì padà wọlé, ó ní gbogbo ìlú ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kò mọ ohun tí atọ́kùn ń sọ, tàbí kò fetí sí i. Orin ijó lásán, ibi tó bá wu èèyàn ló ti lè já a. Símúfónì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí wọ́n gé yẹn ni wọ́n torí rẹ̀ kọ ìyókù.

Tí kì í bá ṣe ti Ọjọ́bọ̀ ni, bóyá n kò ní kọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Fẹlá Ṣówándé ni wọ́n gbé. Ìyá mi, tó ti wọ bẹ́ẹ̀dì, gbọ́ "Fẹlá" ó ní kí n yí ohùn sókè, Kútì ló ń rétí. Atọ́kùn ṣàlàyé dáadáa. Ṣówándé ti dàgbà kí wọ́n tó bí Kútì, 1905 ni wọ́n bí i. Bàbá rẹ̀, àlùfáà Emmanuel Ṣówándé, kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́. Ọ̀yọ́ níbí yìí! Ìgbà mélòó ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá lọ ra aṣọ ní Gbági, tí n kò mọ̀. Ọ̀dọ̀ Ẹkúndayọ̀ Phillips ní Èkó ló ti kọ́ dùùrù, ó sì tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn Mẹ́tọ́díìsì ní London. Ní 1944 ló kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù, apá márùn-ún. Orin Ephraim Amu, ọmọ ilẹ̀ Ghana, ló fi kọ́ apá àkọ́kọ́. Èyí tó kẹ́yìn ń jẹ́ Akinla, òun ni rédíò CBC ní Kánádà sì fi máa ń ṣí ètò orin kan tó pẹ́ gan-an níbẹ̀ nígbà kan rí, Gilmour's Albums. Àwọn ará Kánádà mọ̀ ọ́n ju àwa lọ.

Wọ́n gbé gbogbo apá márààrún láìjá a. Kò sí ìlù kankan nínú rẹ̀, okùn nìkan ni, síbẹ̀ nígbà tí Akinla bẹ̀rẹ̀, èjìká mọ ibi tí ìlù yẹ kó wà. Ìyá mi ti dìde jókòó.

"Ta ló ń lù ú?" ó bi mí.

"Kò sí onílù níbẹ̀, Màámi."

"Ó wà níbẹ̀."

N kò bá a jiyàn, torí pé bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe mí.

Ọjọ́ Ẹtì tẹ̀ lé e pẹ̀lú Phillips fúnra rẹ̀, ẹni tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina ní Èkó láti 1914 di 1962. Àlàyé ibí yìí ló wúlò jù fún àwa akọrin. Orin òyìnbó tí a túmọ̀ sí Yorùbá máa ń gba ohùn ọ̀rọ̀ wa lọ́wọ́ wa: ẹnu fẹ́ sọ "ìgbà", orin gbé e sókè, ó di "igbá". Àwọn bíi Phillips ló jókòó pé kí orin máa tẹ̀ lé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ sókè sódò, kí ẹni tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì lè gbọ́ ohun tí à ń kọ láìwo ìwé. Mo ti sọ èyí fún olùdarí wa. Wọ́n tún gbé orin kan tí Samuel Coleridge-Taylor, ọmọ dókítà ará Sierra Leone kan, fi orin Yorùbá ṣe fún píánò ní 1905, "Oloba". Obìnrin Èkó kan ló fún un ní orin náà. Wọ́n ṣèlérí orin Ayọ̀ Bánkọ́lé, ọmọ Yorùbá mìíràn tó kọ irú orin yìí, àkókò sì tán. Ìyẹn kò dáa tó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, òjò rọ̀, wọ́n mú iná lọ, mo sì bá ìdajì Vivaldi nìkan. Ó tó mi: fíólà, èyí tó tóbi díẹ̀ ju fáólìnì lọ, ń gbó bí ajá nígbà tí darandaran ń sùn lọ́ọ̀ọ́kán, Vivaldi ló kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pé ajá ni. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ní ká pè wọ́n. Gbogbo ẹni tó pè ló kí ìyàwó, ó kí àbúrò, ó kí ọ̀gá níbi iṣẹ́. Orin mẹ́ta péré ni mo kà.

Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ irú ètò yìí, kó má fi rédíò kékeré gbọ́ ọ nìkan. Béèsì ńlá kì í jáde nínú rẹ̀ rárá, ibi tí orin bá ti rọlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò á gbé e mì. Íápíìsì ni mo fi gbọ́ ọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìyàtọ̀ rẹ̀ pọ̀. Kí òkúta rédíò sì wà nílẹ̀ o, torí iná.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra dátà, mo wá símúfónì karùn-ún náà jáde, mo sì so fóònù mọ́ sípíkà inú ìsọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì lọ. Nígbà tó dé ibi ìlù tó ń kan ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n dúró. Máṣíìnì mẹ́ta dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Fáólìnì gun, ó gun, ó gun, tròmbóònù wọlé, èyí tó kéré jù nínú wọn sì wò mí lójú, ó ní, "Àǹtí, ẹ tún un gbé."