Ọjọ́ 11 tí dísù mi fi wà ní gáréèjì, tí bẹntiróòlù ń gbé mi kiri

Kílómítà 8 ní wákàtí kan. Ọmọdé tó ń yí táyà ṣeré máa yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Eré tí píkọ́ọ̀pù mi ní òun lè sá mọ́ nìyẹn, ní ẹsẹ̀ òkè gígùn kan, pẹ̀lú tírélà tí mo so mọ́ ọn nídìí àti katakata kékeré tí a fi ń walẹ̀ lórí rẹ̀. Gbogbo ẹrù náà ò ju tọ́ọ̀nù 5 lọ. Píkọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ agbára ni o, dísù tí mo fi owó gọbọi lé lórí kí n tó rí i rà, ọkọ̀ tó ti ń fa ẹrù yẹn gun òkè yẹn fún ọdún mẹ́rin bí ẹni ń fa kẹ̀kẹ́ ọmọdé.

Ẹ́ńjìnnì ò bàjẹ́. Kò gbóná, ọ́ìlì pé, kò sí èéfín. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo ló fa gbogbo ẹ̀, nínú táǹkì DEF, ìyẹn omi yúríà tí ọkọ̀ dísù ìgbàlódé ń fọ́n sínú èéfín rẹ̀ kí èéfín náà má baà ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Sẹ́ńsọ̀ yìí ní omi tí mo rọ síbẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Láàárọ̀ ló ti kọ ọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù pé ó ku kílómítà 80 kí òun dín eré kù. Ibi tí mò ń lọ ò tó 60, mo ní kò burú, n ó dé ibi iṣẹ́ ná. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti dí ọ̀nà, mo ní láti yí gba ibòmíràn. Nọ́ńbà yẹn ń já wálẹ̀ lójú mi títí tó fi di òdo. Ọkọ̀ ṣì ń sáré. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa.

Mo wá dúró ní ẹsẹ̀ òkè láti tún bẹ́líìtì tí mo fi de katakata fà kó le. Mo pa ọkọ̀, mo sọ̀kalẹ̀, mo fà á, mo padà wọlé, mo ṣí i. Kílómítà 8. Pípa tí mo pa á ló ti ń dúró dè. Wọn ò lè jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ lórí eré kí èèyàn má baà kú sójú ọ̀nà, nítorí náà ó máa ń fara balẹ̀ di ìgbà tí èèyàn bá fọwọ́ ara ẹ̀ pa ọkọ̀.

Mo pe ilé iṣẹ́ tó ń bá mi tún un ṣe. Ohùn ọmọkùnrin kan dáhùn. “Ẹ gbìyànjú kí ẹ pa á, kí ẹ tún un ṣí, sà.” Èmi tí pípa kó bá! Mo gé fóònù. Mo tún pe nọ́ńbà yẹn padà nítorí pé mi ò ní ẹlòmíràn tí mo lè pè.

Ọkọ̀ tó wá wọ́ mi, dísù ni. Ti àtijọ́, kò mọ ohun tó ń jẹ́ DEF, èéfín dúdú ń tú yàà lórí rẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ wo dáṣíbọ́ọ̀dù mi, ó mi orí, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì kí mi dáadáa, ó fún mi ní omi tútù. Mo ròyìn fún un bí ìṣẹ́jú 10. Nígbà tí mo yọjú wo ohun tó kọ, gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀: “Oníbàárà ní ọkọ̀ òun ò sáré.” Mo ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sí ìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìlà sí i, ó sì tún un kọ bí mo ṣe ń pè é: iye kílómítà tí ọkọ̀ ti rìn, ọjọ́ tí mo rọ DEF, pé inú ike tí èdìdì rẹ̀ ò tíì já ni mo ti rọ ọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé yẹn.

Nítorí ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá gáréèjì pè mí, ó ní ó dá òun lójú pé mo ti da omi ẹ̀rọ tàbí dísù sínú táǹkì DEF, wọ́ránti, ìyẹn àdéhùn pé wọ́n á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ò sì ní gbọ́ irú ẹ̀. Kò béèrè o, ńṣe ló dá ẹjọ́. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ibi tí mo gbé bàtà sí, sálúbàtà ni mo wọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọbìnrin yẹn ló mú ìwé tó kọ jáde, kò sọ̀rọ̀, ó kàn tẹ́ ẹ síwájú ọ̀gá rẹ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ ló dìde ní ẹ̀yìn, ó ní, “Ká wò ó ná.”

Ó fa díẹ̀ nínú omi táǹkì mi. Ó mú irinṣẹ́ kékeré kan tó dà bí awò ọlọ́jú kan, ó kán ẹ̀kán kan sójú gíláàsì rẹ̀, ó de é, ó kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, ó sì ní kí n fojú ara mi wò ó. Òkè búlúù, ìsàlẹ̀ funfun, ìlà tó pín wọn jókòó pẹ́rẹ́ sórí 32.5. Iye yúríà tó yẹ kó wà nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò pátápátá ni ìyókù. Omi mi dára. Sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́. Ọ̀gá gáréèjì ní, “Ó dáa,” ó bá tiẹ̀ lọ. Kò tọrọ àforíjì di òní.

Wọ́n wá ṣàlàyé pé wọn ò lè pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ nìkan. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ pọ́ǹpù tó ń fa omi náà àti ẹ̀rọ tó ń mú un gbóná, nítorí DEF máa ń dì ní ìwọ̀n òtútù 11 sísàlẹ̀ òdo. Nǹkan tí kò tó àtàǹpàkò kú, odindi àkópọ̀ náà ni wọ́n máa rà, kò sì sí nínú ilé. Ọjọ́ 8 míì. Kí n má baà jókòó lásán, wọ́n yá mi ní píkọ́ọ̀pù míì, ẹgbẹ́ ti tèmi, bẹntiróòlù.

Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: láàárín ọjọ́ mẹ́rin, mo ti ń ronú àtita dísù mi. Èèyàn á ṣí bẹntiróòlù láàárọ̀, aládùúgbò ò ní mọ̀. Ilé epo wo ni mi ò lè yà? Ọwọ́ mi ò rùn. Kò sí ike búlúù nínú búùtù, kò sí fílítà tí mo gbọ́dọ̀ tú omi inú rẹ̀ dànù kó má baà dé pọ́ǹpù epo. Bí wọ́n bá ń pa ọ́ìlì dà fún dísù mi, ó lé ní lítà 11 tó ń mu. Ti bẹntiróòlù yìí ò pé 8. Iwájú ọkọ̀ fúyẹ́ pàápàá. Ẹ́ńjìnnì dísù irú èyí fi nǹkan bí 200 kílò wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ara ohun tí èèyàn lè dì sẹ́yìn ọkọ̀ ni wọ́n sì ti ń yọ ọ́. Ẹni tó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ gan-an ló ń kó ẹrù sí, tí kì í wọ́ nǹkan, bẹntiróòlù lè ru jù fún un. Ọmọkùnrin tó ta ọkọ̀ fún mi ò sọ ìyẹn. Tọ́ọ̀kì, ìyẹn agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan, ló ń kà sí mi létí bí ẹni ń ki oríkì. Láti ìgbà tí Ram, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe píkọ́ọ̀pù, ti gbé dísù tí tọ́ọ̀kì rẹ̀ pé 1,000 jáde ní ọdún 2019, ọ̀rọ̀ yẹn ló wà lẹ́nu gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ keje, iṣẹ́ dé. Mo so tírélà àti katakata kan náà mọ́ bẹntiróòlù, mo kọrí sí òkè kan náà.

Mo ti fi etí sí i. Ó já jíà méjì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyípo ẹ́ńjìnnì kọjá 4,500 ní ìṣẹ́jú kan, níbi tí dísù mi kì í kọjá 2,000 tí á sì máa kùn bí ológbò tó yó. Eré mi já sí kílómítà 55. Bí òkè ṣe ń ga sí i ló ń rẹ̀ ẹ́ sí i, nítorí kò ní tọ́bò tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ sí i nínú. Mítà 300 tí èèyàn bá gùn, nǹkan bí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ń lọ. Abẹ́rẹ́ epo ń rìn lójú mi. Àmọ́ ó gùn ún! Mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Ó ké, ó làágùn, ó sì débẹ̀, níbi tí ọkọ̀ alágbára mi ti dúró bí ìgbín torí omi tó mọ́ lóló.

Ìsọ̀kalẹ̀ ló yí mi lọ́kàn padà. Nínú dísù mi, bọ́tìnnì kan wà. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, tọ́bò á pa ojú rẹ̀ dé, èéfín á há sínú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á di ọkọ̀ mú bí ẹni di màlúù mú nídìí ìrù. Ẹsẹ̀ mi máa ń wà nílẹ̀ ni. Nínú bẹntiróòlù, mo tẹ bọ́tìnnì ẹrù, jíà ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò sì tó. Mo tẹ bíréèkì, mo sinmi, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ní ìgbà kẹfà, òórùn kan wọlé, bí ìgbà tí èèyàn fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná sórí aṣọ ọ̀rá. Ọwọ́ mi mú sítíárìn débi pé nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, àwọn ìka mi ò fẹ́ là. Mo dúró síbẹ̀ ìdajì wákàtí kí bíréèkì tutù, mo sì ń ṣàárò dísù tí mò ń bú láti ọjọ́ kìíní.

Ọjọ́ 11 pé, mo lọ gba ọkọ̀ mi. Ọkùnrin àgbàlagbà yẹn ti so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Ó pè mí.

“Àbúrò, ta ló ń gbé inú ọkọ̀ yìí?”

Kò yé mi. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi: wákàtí 3,100 ni ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, nínú rẹ̀, wákàtí 1,400 ni táyà ò yí rárá. Èmi nìyẹn. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń jẹun níbi iṣẹ́, èésì ń fẹ́, ẹ́ńjìnnì ń lọ. Ó ní fílítà tó ń gba èédú inú èéfín ti kún kọjá ìdajì. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń sun èédú náà, inú fílítà á gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 600, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kí èèyàn wa ọkọ̀ lórí eré fún bí ìdajì wákàtí láìdúró. Ìgbà mélòó ni mo ti pa á nígbà tó ń sun ún lọ́wọ́ torí pé mo ti délé?

“Sẹ́ńsọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ló kú, wọn ò gbọdọ̀ gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ. Fílítà yìí, ìwọ lò ń pa á. Ọjọ́ mélòó lóṣù lo fi ń wọ́ ẹrù?”

“Mẹ́fà, bóyá méje, bàbá.”

“Ọjọ́ yòókù ńkọ́?”

Ọjọ́ yòókù, mo ń ra síméǹtì, mo ń gbé òṣìṣẹ́ méjì, mo ń lọ báǹkì. Mi ò dáhùn. Ó ní, “Bẹntiróòlù lo yẹ kó o rà,” ó fi àkísà nu ọwọ́, ó padà sídìí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Láàárín gbogbo ẹni tí mo ti bá sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì, láti ọjọ́ tí mo fẹ́ ra ọkọ̀, òun nìkan ló béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Wọn ò gba owó sẹ́ńsọ̀. Wọ́n gba owó ọkọ̀ tó wọ́ mi, mo jà, wọ́n yọ ìdajì. Ẹnì kan ti sún àga mi síwájú débi pé orúnkún mi kan sítíárìn, ó sì fi ọ̀rá búrẹ́dì sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọbìnrin ìdí tábìlì pè mí ní ọjọ́ kejì láti béèrè bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Mo sọ fún un. Gbogbo rẹ̀ ló sì ń kọ, mo ń gbọ́ bí gègé ṣe ń họ ìwé.

Máàkì: ilé iṣẹ́ náà, 3 nínú 10. Ọmọbìnrin yẹn àti bàbá yẹn, 10 ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bẹntiróòlù, 9, nítorí òun ló yẹ èmi àti púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń ka èyí. Dísù, 7. Mi ò tà á o. Ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Láràárọ̀ Sátidé báyìí, mo máa ń wa ọkọ̀ jáde lófìfo, mo bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, mo sá eré fún ogójì ìṣẹ́jú, mo yí padà. Ìyàwó mi bi mí níbi tí mò ń lọ. Mo ní mo fẹ́ lọ sun èédú. Ó wò mí, ó ní kí n ra tòmátì bọ̀, mo ní mi ò lè dúró.