Ohun tójú mi rí lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó pẹ́ńṣàn mi ní Òṣogbo

"Bàbá, ẹ lọ mú ọmọ yín kan wá, ẹni tó kàwé, ká lè ṣàlàyé fún un." Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Ọmọkùnrin tó sọ ọ́ fún mi ò tíì tó àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí, ó jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, kò tiẹ̀ wojú mi, ó ń fi àtàǹpàkò yí fóònù ẹ̀ sókè sódò. Kí ni mo sì bi í? Mo ní eélòó ló wà nínú RSA mi, ìyẹn àkáǹtì pẹ́ńṣàn mi, báyìí tí accrued rights (owó iṣẹ́ tí mo ti ṣe kí òfin pẹ́ńṣàn 2004 tó bẹ̀rẹ̀) ti wọlé, eélòó ni màá rí gbà lẹ́ẹ̀kan, eélòó ni yóò sì máa wọlé lóṣooṣù. Owó mi ni mò ń béèrè o, mi ò tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mo ṣe, kẹ́ ẹ lè mọ ìdí tó fi dùn mí wọ egungun. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo wà ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan láti 1988 títí ọdún 35 fi pé ní 2023. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ni mò ń ṣírò. Kí kọ̀ǹpútà tó dé, inú ìwé lẹ́jà ńlá la ti ń ṣe é, a ó fi bírò pupa fa ìlà méjì sábẹ́ ẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò sì gbọ́dọ̀ sọnù. Nígbà tí òfin pẹ́ńṣàn dé ní 2004, tí wọ́n ní ká máa yọ ₦7.50 nínú ₦100 owó òṣìṣẹ́ kí ìjọba náà fi ₦7.50 lé e, mo wà lára àwọn tó ń ṣàlàyé ẹ̀ fún àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹ́séńjà wa. Òfin 2014 yí i padà sí ₦8 fún òṣìṣẹ́, ₦10 fún ìjọba, èmi náà ni mo tún gbogbo ìwé wa ṣe. Ní àdúgbò wa ní Òkè-Baálẹ̀, tọmọdé tàgbà ló ń pè mí ní Bàbá Akántà. Òun ni wọ́n ní kó lọ mú ẹni tó kàwé wá.

Kó tó dọjọ́ yẹn ojú ti rí nǹkan. Oṣù karùn-ún 2023, ọdún tí mo fẹ̀yìntì yẹn gan-an, ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, epo tí ò tó ₦200 gun orí ₦500 lójú ẹsẹ̀, owó kòròpẹ̀ gòkè, owó gàárì gòkè, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi náà tẹ̀ lé e. Accrued rights mi ò tètè dé. Ìyàwó mi tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ìgbọ̀nà ló gbé ilé ró. Kò fi ìgbà kankan sọ ọ́ sí mi lójú, Ọlọ́run á bù kún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìntì mọ bó ṣe máa ń rí lára ọkùnrin tó bá wà nílé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, tó ń gbọ́ bí ìyàwó ẹ̀ ṣe ń ka owó ọbẹ̀ sọ́tọ̀ nínú yàrá. Àwọn tó ń pè mí tẹ́lẹ̀, "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo owó oṣù mi, ó dín", gbogbo wọn ti dákẹ́. Mo wá ń rìn lọ sí Station Road láràárọ̀ láìní nǹkan tí mo fẹ́ rà tàbí ẹni tí mo fẹ́ rí, kí n ṣáà ti kúrò nílé.

Nígbà tó wá di 2025 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bọ́ǹdì, ìyẹn owó tí ìjọba fẹ́ yá, ₦758 bílíọ̀nù láti fi san gbèsè pẹ́ńṣàn, ṣe la ń pe ara wa lórí fóònù bí ẹni pé ọmọ tuntun dé. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ni áláàtì tèmi náà dé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: kówó wọ RSA yàtọ̀ sí kó wọ báńkì. Iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀ ní láti ṣírò ẹ̀, ẹ̀yin á fọwọ́ síwèé, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣàn, á fàṣẹ sí i, kó tó dọ́wọ́ yín. Ohun tó gbé mi dé ọ́fíìsì wọn nìyẹn.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Àga tó wà níbẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ, àwọn géńdé tó wá forúkọ sílẹ̀ sì ti jókòó sórí ẹ̀, àwa arúgbó dúró ti ògiri. Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ fi ọ̀pá ọwọ́ ẹ̀ gbára lé kọ́ńtà, síkúrítì ní kó má fọwọ́ kan gíláàsì. Ìgbà tó kàn mí ni ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ tó sọ. Mo ní, "Ọmọ mi, èmi tó o rí yìí ni mo kàwé." Ó ní, "Bàbá, kò lè yé yín, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni." Gbogbo ará ibẹ̀ ló gbọ́. Ara mi ń gbọ̀n. Mo ká fáìlì mi mọ́ abẹ́ apá, mo kọjú sí ilẹ̀kùn, mo ti pinnu pé màá gbé owó mi kúrò lọ́dọ̀ wọn, ṣebí àtọdún 2020 ni wọ́n ti gbà káwọn tó ní RSA máa pààrọ̀ iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Ọmọbìnrin kan tó wọ híjáàbù jáde látinú yàrá ẹ̀yìn, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú lọ sílé." Ó gbé àga tiẹ̀ fún ìyá nọ́ọ̀sì, ó mú èmi lọ sídìí tábìlì ẹ̀. Ó bi mí níṣẹ́ tí mo ṣe, mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ẹ̀yìn fọ́ọ̀mù àtijọ́ kan sókè, ó fún mi ní bírò, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò ẹ̀, sà. Ẹ kọ ọ́, kí n máa pè é."

Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mi ò lè purọ́. Ó pe owó tí mo dá, mo kọ ọ́. Ó pe accrued rights, mo kọ ọ́. Ó pe èrè tí owó náà ti mú wá láti ọdún wọ̀nyẹn, mo kọ ọ́ sábẹ́, mo fa ìlà méjì. Ó ṣàlàyé pé mi ò lè kó gbogbo ẹ̀ tán, pé ohun tó bá kù gbọ́dọ̀ tó san pẹ́ńṣàn. Ó ní tí mo bá mú programmed withdrawal, owó á ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa fi ṣòwò, tí mo bá sì kú, ohun tó bá ṣẹ́ kù á jẹ́ ti ìdílé mi. Annuity ní tiẹ̀, iléeṣẹ́ ìbánigbófò ni wọ́n á gbé owó náà fún, wọ́n á máa san án títí màá fi kú, wọ́n sì fi ọdún 10 ṣe ìdánilójú, àmọ́ tí mo bá ti wọ ibẹ̀, kò sí pé mo fẹ́ padà mọ́. Kò tì mí síbì kankan. Níbi tí mo ti ń ka statement ni mo ti rí i pé owó oṣù mélòó kan ò sí nínú 2014, ìgbà tí a yí ìṣirò padà. Ó wò ó, ó ní òótọ́ ni. Ó wádìí ẹ̀, àṣé wọ́n ti ṣi PIN mi, ìyẹn nọ́ńbà RSA mi, tẹ̀, wọ́n sì gbé owó náà síbi tí ò ti ní olówó! Látìgbà yẹn ló ti ń fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "Bàbá, ó ti dé ibi báyìí báyìí", títí wọ́n fi rí i dá padà.

Inú ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi ni mo wà nígbà tí lump sum, ìyẹn owó tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà, wọlé. Ó ń wọn ẹ̀wà fún kọ́sítọ́mà. Mo na fóònù sí i. Ó wò ó, ó gbé kọ́ńgò sílẹ̀, ó bi mí, "Ṣé ó pé?" Mo ní ó pé. Ó wọn ẹ̀wà ọ̀hún tán kó tó bú sẹ́kún.

Ká wá sọ bó ṣe rí nísinsìnyí. Wọ́n ti gbé ọmọbìnrin yẹn lọ sí ìlú mìíràn. Lẹ́tà tí mo kọ sí máníjà wọn láti yìn ín, kí n sì fẹjọ́ ẹni kejì sùn, kò sí èsì. Ẹ pe nọ́ńbà wọn, orin ni wọ́n á máa kọ sí yín létí títí káàdì á fi tán. Áápù wọn ò mọ ojú mi, wọ́n ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́ ẹ, wọ́n ní kí n tún ṣẹ́ ẹ. Áláàtì oṣooṣù ń bọ̀ nígbà tó bá wù ú. Pẹ́ńṣàn náà ò sì tó nǹkan mọ́, torí owó oṣù ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀, mo ti kúrò kí owó oṣù tó kéré jù tó di ₦70,000 ní 2024, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi tiwọn. Ọmọkùnrin yẹn ṣì wà níbẹ̀. Tó bá rí mi báyìí ó máa ń dọ̀bálẹ̀, mo máa ń dá a lóhùn.

Síbẹ̀, nítorí ọmọbìnrin yẹn àti owó mi tó pé, máàkì tí mo fún iléeṣẹ́ náà: 4 nínú 5.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tẹ statement yín jáde láti 2004, ẹ ka oṣù kọ̀ọ̀kan, kí orúkọ inú NIN, BVN àti RSA yín sì bára mu. Àwọn tó ń ta annuity máa ń dúró síta, ẹ gba nọ́ńbà wọn kẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e fún yín, ẹ gbé e lọ sílé, ẹ fi bírò tiyín ṣírò ẹ̀.